Aránbàtà Tó Ń Dúró De Ọkàn

Aránbàtà ń kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà lọ́wọ́, ó ń sinmi kí ó tó tún gbé òòlù, nígbà tí obìnrin kan wọlé, tó fa bàtà tirẹ̀ yọ láàárín àwọn tó wà nílẹ̀.

"Mi ò tíì rán an."

"Ẹ má ṣèyọnu, ọ̀gá. N ó máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Látìgbà tí àdúgbò ti gbọ́ pé ọkàn rẹ̀ ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, pé ọkàn ẹni tó kú ni wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀, ni kálukú ti ń sáré wá gba bàtà, bí ẹni pé aránbàtà fẹ́ wọ̀ wọ́n lọ sọ́run.

Dókítà ti kìlọ̀ pé bí àwọn bá pè, kí wọ́n gbé fóònù lójú ẹsẹ̀. Ọkàn tí wọ́n yọ kì í dúró de aláìsàn, àwọn tó sì ń retí pọ̀. Ìyàwó aránbàtà gbé fóònù náà kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ni ẹ̀gbọ́n aránbàtà bá dé. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan tó yanu bí ọ̀nì.

"Bá mi lẹ èyí. Ìyàwó wa, mú fóònù yẹn wá, owó ti tán lórí tèmi."

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, ilé ìwòsàn lè pè."

"Èmi lò ń bá jiyàn?"

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ wo ilẹ̀. Ta ni yóò fi fóònù du àgbà? Ó bọ́ ọ lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó nasẹ̀, ó ń pe ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àbúrò mi ti ń lọ o. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí." Ẹni tó ń lọ jókòó síbẹ̀, ó ń po gúlúù. Oòrùn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnu tó rẹ ẹ̀gbọ́n.

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló dún. Nọ́ọ̀sì ni.

"A pè yín títí, ẹ ń sọ̀rọ̀. A ti pe ẹni tó tẹ̀ lé yín. Ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

Ìyàwó figbe ta. Ẹ̀gbọ́n húkọ́.

"Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bóyá ọkàn yẹn gan-an ò dáa."

"Tiyín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" aránbàtà bi í. "Ṣé ó dáa?"

Ẹ̀gbọ́n fi bàtà ẹyọ kan rìn lọ sílé.

Nígbà tó padà wá bèèrè èkejì, abẹ́ aṣọ ni ìyàwó ń gbé fóònù sí.

"Ẹ dúró," aránbàtà wí. "Èmi náà ń dúró."

Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣì yanu.