Ìwé Abẹ́ Tábìlì

Orí ìkúnlẹ̀ ni Lucy wà. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ń fa páálí kan tó ti lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì jáde, bàbá àgbàlagbà kan sì dúró tì í, ó ń wò ó. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ni wọ́n fi bo páálí náà. Nígbà tí Lucy ká àpò náà kúrò, eruku sọ lálá, bàbá náà sún sẹ́yìn díẹ̀, ó fi etí bùbá bo imú.

"Àwọn rèé, sà," ni Lucy wí. "Ìwé iṣẹ́ tí ẹ ń bèèrè nìyí."

Bàbá náà ò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Ó wo àpò ìrẹsì, ó wo páálí, ó wá gbójú sókè wo àwọn pẹpẹ ìwé tó yí ṣọ́ọ̀bù náà ká.

Yínúsà ni orúkọ rẹ̀. Ìwàrò-Ọ̀kà ló ti wọ mọ́tò wá sí Ìkàrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sì fi ohun tó bá wá pamọ́. Ọmọkùnrin Ìkàrẹ́ kan tó ń jẹ́ Hafeez fẹ́ fẹ́ Jamilah, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìwádìí ni àgbà ń ṣe kó tó fọmọ fọ́kọ, wọ́n sì ti ṣe é jìnnà. Wọn ò rí àrùn nínú ìdílé Hafeez, wọn ò rí olè, wọn ò rí ẹni tó ń na ìyàwó. Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù tí wọn ò rí ìdí rẹ̀. Ó ní sọ́fítíwíà orí wẹ́ẹ̀bù lòun ń kọ. Inú yàrá ló ń jókòó sí, láptọ́ọ̀pù ló ń tẹ̀, owó sì ń wọlé. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí láyé òde òní tí ọkàn rẹ̀ kò ní sáré lọ sí gbájúẹ̀? Yínúsà rò ó títí, ó wá bi ọmọ náà ní ibi tó ti ń ra ìwé tó fi kọ́ iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Lucy lọmọ náà dárúkọ.

"Kò síṣẹ́ gidi tí kò níwèé," ni Yínúsà ti sọ nígbà tó wọlé. "Mo fẹ́ rí ibi tí ẹ tò ó sí, kí n rí àwọn tó bá a jókòó. Ẹgbẹ́ ẹja lẹja ń wẹ̀ tọ̀."

Ibi tó wá bá a nìyí o, lábẹ́ tábìlì, lábẹ́ àpò ìrẹsì.

"Kí ló dé tí ẹ bò wọ́n mọ́lẹ̀, Ìyá?"

"Ààyè ni kò sí, sà."

Irọ́ ni, irọ́ ọ̀hún ò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lórí pẹpẹ tó wà níwájú Yínúsà gan-an, láàárín ìwé télọ̀ àti ìwé àwọn tó ń tún rédíò ṣe, àlàfo ńlá kan wà níbẹ̀. Bàbá náà wò ó. Ó wo Lucy.

"Ó dáa," ni ó wí. "Àmúsà, àbúrò bàbá ọmọ náà, ń bọ̀ wá gba èsì lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Mo ti rí èsì tí màá fún un. Ẹ ṣeun."

Kò bínú, kò sì gbóhùn sókè. Ó wọ bàtà tó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lucy ò tètè dìde nílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e ni. Hafeez tó mọ̀ dáadáa, tó máa ń kí i pé "Ẹ kú ọjà, Mọ́mì" kó tó bèèrè ohunkóhun, ni wọ́n fẹ́ fi ìyàwó dù nítorí àpò ìrẹsì. Òun Lucy ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ àpò náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìwé wọ̀nyẹn kì í ṣe ará abẹ́ tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀. Zachariah Abọ́dẹrìn, ọkọ Lucy tó ti dolóògbé, ló fi ìlànà tí wọ́n fi ń to ìwé ní ṣọ́ọ̀bù náà lélẹ̀. Kì í wo ohun tó wà nínú ìwé rárá, ẹni tó máa wá rà á ló ń wò. Àwọn onígbàgbọ́ ní pẹpẹ tiwọn, àwọn Mùsùlùmí ní tiwọn, àwọn tíṣà ní tiwọn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà sì ní tiwọn. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù òun kò gbọdọ̀ máa bèèrè ibi tí yóò dúró sí. Nígbà tí ìwé sọ́fítíwíà kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn ikú rẹ̀, Lucy rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kì í ṣe ìwé tíṣà, nítorí kò sí ìdánwò tí wọ́n ń fi ṣe. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ti mọ́sálásí. Ó wá kó wọn sáàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé torí àtijẹ làwọn ọmọ tó ń rà á ṣe ń kọ́ ọ, bíi télọ̀, bíi kápẹ́ńtà. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ sí i.

Àfi ọjọ́ tí Díákónì Nathaniel wọlé wá ra ìwé orin. Ó rí wọn, ó fi ìka tọ́ wọn.

"Ìyá Akínlọ́lá, ẹ̀yin náà? Ìwé tí àwọn ọmọ gbájúẹ̀ fi ń kọ́ṣẹ́ lẹ kó síta gbangba yìí?"

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí díákónì bá fi ṣẹ̀rín lónìí, gbogbo ìjọ ni yóò máa sọ ọ́ lọ́la. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìwé ti wọ abẹ́ tábìlì. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti sún mọ́ tòsí, kó rẹ ohùn sílẹ̀, kó tó bèèrè, bí ẹni ń wá ọtí rà nítòsí mọ́sálásí. Hafeez náà ti rẹ ohùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Lucy rántí, ara rẹ̀ ò sì gbà á.

Èyí tó burú jù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Akínlọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Lucy bí, iṣẹ́ yìí gan-an ló ń ṣe ní Èkó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ládùúgbò, báǹkì ni Lucy ń sọ pé ó wà. Ó ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í tilẹ̀ rò ó mọ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó dìde, ó gbọn eruku ìró rẹ̀ nù. Ó kó àwọn ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó nù wọ́n, ó tò wọ́n padà sáàárín ìwé télọ̀ àti ìwé rédíò. Ó sún sẹ́yìn, ó wò wọ́n. Ó ti rò pé ara máa tu òun, ara ò tù ú. Ta ló rí i? Ṣọ́ọ̀bù ṣófo, Bàbá Jamilah sì ti gbé ohun tó fojú rí lọ sílé. Ká to ìwé sórí pẹpẹ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń woni, ta ni kò lè ṣe é?

Ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ọjọ́ ọjà sì ni. Obìnrin aláṣọ tó wà lódìkejì títì bi í bóyá kò sí nǹkan.

"Mò ń lọ sí Ọ̀kà, mò ń bọ̀," ni Lucy dáhùn, ó sì gba ọ̀nà gáréèjì lọ.

Nínú takisí tó pẹ́ kó tó kún, wọ́n há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn tó kù ń jiyàn lórí owó epo, Lucy ò gbọ́ tiwọn. Ó ń wo àpáta tó ń ga sí i bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Ọ̀kà, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ó lè sọ pé òrùlé ń jò sórí pẹpẹ yẹn, ìdí nìyẹn tí òun fi kó wọn kúrò. Ó lè sọ pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ni ìwé náà dé, pé òun ò tíì ráyè tò wọ́n. Bí irọ́ wọ̀nyí ṣe ń yára wá sí i lọ́kàn tó bà á lẹ́rù. Ọlọ́run, ṣé èmi nìyí, ni ó wí nínú ara rẹ̀.

Kò ṣòro láti rí ilé Yínúsà. Ẹni àkọ́kọ́ tó bi ní Ìwàrò ló sìn ín dé ẹ̀gbẹ́ ilé náà, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń kó láfún tí wọ́n sá sórí àpáta. Jamilah ni. Ojú rẹ̀ ti wú. Lucy ò bi í ní ohun tó dé, ó ti mọ̀.

"Ṣé Bàbá wà nílé?"

"Wọ́n wà ní pálọ̀, Mà. Bàbá kékeré Hafeez wà lọ́dọ̀ wọn."

Àmúsà ti dé lóòótọ́. Wọ́n ti kírun tán, ó jókòó sétí àga, ó fi fìlà lé orúnkún, ó ń dúró de ohun tí Yínúsà máa sọ. Lucy kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í tilẹ̀ ṣe ẹlẹ́sìn wọn, kí ló bá dé àárín ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọlọ́mọ? Ó mọ̀ pé kò yẹ.

"Ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fèsì."

Yínúsà nawọ́ sí àga. "Ẹ dìde nílẹ̀, Ìyá. Ṣé ìwé yín lẹ wá gbè lẹ́yìn ni?"

"Ìwé ò lẹ́bi, sà. Hafeez náà ò lẹ́bi. Èmi ni mo kó wọn pamọ́. Ẹnu àwọn èèyàn ni mo ń sá fún."

"Ṣé iṣẹ́ tó mọ́ lèèyàn ń tìtorí ẹnu kó pamọ́?"

"Bàbá, tí ẹ bá rí ọmọ tó ń wo èsì ìdánwò lórí fóònù, ẹnì kan ló jókòó kọ ohun tó gbé èsì yẹn jáde. Iṣẹ́ tí Hafeez ń ṣe nìyẹn."

"Ohun tí òun náà sọ fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ẹni, kí ni kò ní sọ? Ẹ̀yin náà, ọjà yín lẹ ń tà, ẹ ò ní sọ pé ó korò." Yínúsà tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ṣé ẹ bímọ?"

"Mo bí ọ̀kan, sà. Ọkùnrin ni."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Báǹkì ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà mọ ọ̀nà, ó ti gba ibẹ̀ jáde láìmọye ìgbà. Lucy pa ẹnu dé mọ́ ọn. Àmúsà gbójú sókè. Jamilah ti gba ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú agbọ̀n láfún lọ́wọ́, ó dúró síbẹ̀, kò lè lọ, kò lè bọ̀.

"Iṣẹ́ Hafeez," ni Lucy wí. "Iṣẹ́ yẹn gan-an ni, sà. Òun ló fi ń jẹun, òun ló sì fi ń bọ́ èmi náà. Báǹkì ni mo máa ń sọ fáwọn èèyàn. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ òótọ́ fún."

Ojú tì í débi pé kò lè wo ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹni tó bá fẹ́ tàn mí," ni Yínúsà wí, "kò ní ru ìtìjú ara rẹ̀ wá sílé mi." Ó yíjú sí Àmúsà. "Èsì tí mo fẹ́ fún yín tẹ́lẹ̀, mo ti gbé e sílẹ̀. Ẹ sọ fún Hafeez kó wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Kó gbé láptọ́ọ̀pù yẹn dání, kó jókòó síbí níwájú mi, kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí n rí i, kó sì máa ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Tó bá rí bí ìyá yìí ṣe sọ ọ́, a ó mú ọjọ́ yìgì."

"A dúpẹ́," ni Àmúsà wí. Ó dé fìlà rẹ̀. "A dúpẹ́ púpọ̀."

Jamilah gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó sáré wọ ìyẹ̀wù. Omi tútù ló gbé jáde, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Lucy. Lucy gba omi náà, ó fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká. Ó ti tó kó dìde báyìí, kó wá mọ́tò tó ń lọ sí Ìkàrẹ́.

"Ìyá," ni Yínúsà tún wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọmọ tiyín ńkọ́? Tí wọ́n bá bi òun fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ló máa ń sọ?"

Lucy la ẹnu láti dáhùn, ó sì rántí Kérésìmesì tó kọjá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìsìn ni. Díákónì Nathaniel dì mọ́ Akínlọ́lá nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ọmọ wa, ibo lo wà báyìí?" Kí Lucy tó ráyè dá sí i, ọmọ náà ti dọ̀bálẹ̀, ó ní báǹkì lòun wà, ó tún dárúkọ àdúgbò tí báǹkì ọ̀hún wà. Inú Lucy dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó rò pé Ọlọ́run ló bo òun láṣìírí. Kò wá sí i lọ́kàn pé òun ò sọ fún ọmọ náà rí pé báǹkì lòun ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ló ti gbọ́ ọ. Kò bi ìyá rẹ̀, kò bínú sí i, ó kàn bá a gbé irọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa pe ìyá rẹ̀ ní òpùrọ́. Àṣé ó ti mọ̀ tipẹ́.

Yínúsà ṣì ń dúró de èsì.

"Báǹkì, sà," ni Lucy wí. "Báǹkì lòun náà máa ń sọ."