Òkú Tó Ń Fọwọ́ Sí Ìwé

Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Nínú àgbà mẹ́ta tó ń ṣọ́ ọ, méjì gbọ́dọ̀ gbà kí àfikún kankan tó wọlé sínú rẹ̀. Àgbà tó bá dákẹ́ fún ọjọ́ méje, ó ti gbà nìyẹn.

Ìyá Kóòdù, ọ̀kan nínú wọn, ò gba àfikún tuntun tí iléeṣẹ́ kan gbé wá. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó rí àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àgbà kejì, lójú ẹ̀rọ, tó ń rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n ti gbà.” Ẹ̀gbọ́n ti kú láti èṣí. Kò sẹ́ni tó láyà láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ó pe àgbà kẹta, Onírùngbọ̀n, lórí fóònù. “Ṣé ìwọ lo lo orúkọ ẹ̀gbọ́n mi?”

“Mi ò fọwọ́ kan nǹkan, Ìyá Kóòdù. Òfin ọjọ́ méje tí ẹ̀gbọ́n yín fúnra wọn ṣe ni. Iléeṣẹ́ ló sanwó àfikún yìí, ẹ jẹ́ ó wọlé.”

“Kó máa kó orúkọ aláìsàn lọ fún wọn? Àlejò tó ra ilẹ̀kùn fún ni, ṣebí òun náà ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ dání.”

Ó yẹ àkọsílẹ̀ ètò náà wò sẹ́yìn. Ìgbà mọ́kànlá ni òkú ti gbà lọ́dún yìí, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ó tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti pa á rẹ́. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ó ku Onírùngbọ̀n nìkan tó gbà; àfikún padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rín náà pòórá, yàrá sì dákẹ́ bí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde.