Oṣù Tó Gba Ipò Ọjọ́

"Àdíját ni yóò ṣe olórí iṣẹ́ yìí," ni Ọ̀gá Ilésanmí wí, gbogbo ọ́fíìsì sì pàtẹ́wọ́.

Fẹ́kọ́mi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń jowú. Òun ló kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wọn ní Akọ́wọ́njó. Òun náà ló kọ́ Àdíját bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì ayélujára. Wàyí o, ẹni tó fà lọ́wọ́ ti gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Ìgàndó ló ni iṣẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì á tẹ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ sínú ìkànnì, ìkànnì á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí Fẹ́kọ́mi ń yẹ iṣẹ́ Àdíját wò, ó rí àléébù kan. Ọjọ́ ni nọ́ọ̀sì ń kọ ṣáájú oṣù, àmọ́ oṣù ni kọ̀ǹpútà ń kà ṣáájú ọjọ́. Bí wọ́n bá tẹ 10/7, tí í ṣe ọjọ́ kẹwàá oṣù keje, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di ọjọ́ keje oṣù kẹwàá. Fẹ́kọ́mi kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ìtìjú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá Àdíját, kí ọ̀gá lè mọ irú ẹni tó ń gbé gẹ̀gẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí ìkànnì náà tí Títí, tí òun àti Fẹ́kọ́mi jọ yálé gbé ní Bárùwá, fi pọn ọmọ rẹ̀ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó na fóònù sí i.

"Ẹ bá mi kà á, àǹtí. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀la ni ká wá gba abẹ́rẹ́, èyí wá ní ó di oṣù kẹwàá. Fóònù ò lè purọ́ ṣá."

Fẹ́kọ́mi wo ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ìyá rẹ̀.

"Ọ̀la náà ni," ó dáhùn. "Gbé e lọ lọ́la."

Ó pe Àdíját lójú ẹsẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tó rí fún un. Àdíját tún un ṣe, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ìyá, ó sì fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àdíját kò dúró kí wọ́n bi òun léèrè.

"Àǹtí Fẹ́kọ́mi ló rí i, sà," ó sọ fún ọ̀gá. "Ọpẹ́lọpẹ́ wọn, ǹ bá ti ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà."

Fẹ́kọ́mi ń tú ohùn rẹ̀ wò bóyá òun á rí ẹ̀gàn níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan, èyí gan-an ló sì dùn ún jù. Owú náà kò kúrò nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin náà.

"Sún díẹ̀," ó ní, "ká jọ yẹ ìyókù wò."