Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ìsìnkú

Ìka Honorata tún sọ̀kalẹ̀ lójú ewé náà lẹ́ẹ̀kẹta, láti orúkọ àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn. Orúkọ ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Dulo, ṣé ìwé ìsìnkú ọdún 1961 kan ṣoṣo tí ẹ ní nìyí?"

"Òun náà nìyẹn." Teodulo ló ń tọ́jú ìwé ìjọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé kan tó ti já, kò sì gbójú sókè. "Bóyá wọ́n gbàgbé láti kọ ọ́ ni. Fadá tó wà níbí nígbà yẹn ti darúgbó."

Ṣùgbọ́n Fadá arúgbó náà kì í gbàgbé. Honorata ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Alágbe tó kú sábẹ́ afárá, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, wà nínú ìwé yìí. Apẹja ará ibòmíràn tí òkun gbé wá sí èbúté wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Báwo ni yóò ṣe wá gbàgbé ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún tó kú lọ́jọ́ kejì tó bímọ, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbí ni ilé wọn wà?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ìwé yìí ti wọ̀ ọ́ lára. Ìjọ fẹ́ ṣe ayẹyẹ igba ọdún, Fadá sì ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn sórí páálí, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn. Honorata, aránṣọ tí kò fẹ́ràn ìwé kíkà rí, ló wá di ẹni tó ń ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́sàn-án kó lè wá jókòó ti ìwé tí kòkòrò ti jẹ létí. Ó ti rí ìrìbọmi bàbá tó bí ìyá rẹ̀. Ó ti rí baba ńlá kan tó jẹ́ alágogo ṣọ́ọ̀ṣì, tí Fadá kan kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé ó máa ń mutí yó kó tó gun òkè lọ lu agogo. Òun àti Teodulo rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà. Ó fi ìyá rẹ̀ sí ìkẹyìn, bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sílẹ̀ títí oúnjẹ yóò fi tán.

Ohun tó mọ̀ nípa ìyá náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dá a lójú. Perpetua ni orúkọ rẹ̀. Ó bí Honorata ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, ó sì kú ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ náà wà lára àgbélébùú sàréè rẹ̀. Kó tó dákẹ́, ó wo ojú ọmọ tuntun náà, ó ní, "Má fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ o." Ẹ̀gbọ́n náà ni Àǹtí Eustaquia, tó tọ́ Honorata dàgbà, tí kò lọ́kọ, tí kò sì bímọ. Honorata kò rántí ìgbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Àǹtí débi pé ó dà bí ẹni pé etí òun fúnra òun ni wọ́n sọ ọ́ sí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Anselmo, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, ní kó jẹ́ káwọn jọ lọ máa gbé ní ìlú Davao. Honorata ní òun kò lè lọ. Anselmo bi í pé kí ló dè. Ó ní ìyá òun ni kò fẹ́ kí òun lọ.

Ó tún wo ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta. Òkú kan ṣoṣo ni wọ́n sin lọ́jọ́ náà. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó fún un láti mọ ohun tó túmọ̀ sí. Maria. Ọmọ ọjọ́ kan. Agbẹ̀bí ló ṣe ìrìbọmi fún un. Bàbá: a kò mọ̀ ọ́n. Ìyá: Eustaquia Tacsagon.

Ó kà á tán, ó tún un kà.

"Ẹ̀gbọ́n Dulo, ṣé Àǹtí mi bímọ rí ni?"

Búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù dúró lọ́wọ́ Teodulo. Ó dìde, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ pa ìwé náà dé. Honorata fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ewé náà mọ́lẹ̀.

"Lọ bá Àǹtí rẹ sọ̀rọ̀ nílé," ni Teodulo wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ mọ̀."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ jókòó tì mí níbí fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. À ń fi alágogo ọ̀mùtí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí mo máa bá níwájú."

"Mo rò pé o ò ní débẹ̀ ni. Mo ní ọjọ́ ikú ìyá rẹ ṣe tán ti wà lọ́wọ́ rẹ, kí lo tún fẹ́ máa wá a fún?"

"Ìyá mi dà?"

Teodulo nu gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́. Ó lọ sí ibi àpótí ìwé, ó mú ìwé ìgbéyàwó ọdún 1964 wá, ó ṣí i, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. Honorata rí i pé kò wá ojú ewé náà rárá. Ibẹ̀ ló ṣí sí tààrà.

Perpetua Tacsagon, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí kò tíì lọ́kọ rí. Ọkọ: Hermogenes Sarrosa, òṣìṣẹ́ oko ìrèké, ará erékùṣù Negros. Ẹlẹ́rìí: Eustaquia Tacsagon. Kò sí bí Honorata ò ṣe ní mọ ìfọwọ́síwèé náà. Ọwọ́ yìí kan náà ló fọwọ́ sí gbogbo káàdì ilé-ìwé rẹ̀, láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí ó fi jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ tó ti kú ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ilé.

"Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ló wá gba ẹ̀dà ìwé ìrìbọmi ìyá rẹ̀." Teodulo fi kún un bí ẹni pé yóò ṣe é láǹfààní, "Ọmọ náà fojú jọ ẹ́ gan-an."

"Ibo ló jókòó sí níbí, nígbà tó wá?"

 Teodulo wo àga tí Honorata wà lórí rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ìyá oníbúrẹ́dì kí i. Bàbá tó ń tún àwọ̀n ṣe níwájú ilé rẹ̀ kí i. Ó ń dá wọn lóhùn, ó sì ń ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó mọ̀. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kọkànlá, gbogbo wọn ń wá dúró tì í ní itẹ́ òkú, wọ́n ń bá a tan àbẹ́là, wọ́n ń ní kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ rere. Ojú kò sì tì wọ́n.

Àǹtí Eustaquia wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀wà òtílí sínú abọ́. Ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

"O tètè dé lónìí. Ṣé o ti kí gbogbo àwọn òkú rẹ tán?"

"Ó ku ẹyọ kan. Ta ni Maria?"

Arúgbó náà bó òtílí kan, ó bó òmíràn. Ẹ̀kẹta já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìwé ni. Èèyàn kankan ò sọ fún mi. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta, Àǹtí, èèyàn kankan ò sọ fún mi."

Àǹtí gbé abọ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, kò wojú rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ kan náà ni èmi àti àbúrò mi bímọ. Ìlú ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀: oyún méjì nínú ilé kan, kò sí ọkọ kankan. Tèmi kú. Tirẹ̀ ń ké, Perpetua ò sì fẹ́ gbé e. Ògiri ló ń kọjú sí. Ọmú mi kún, kò sí ẹni tó máa mu ún. Mo bá gbé ẹ." Ó nu ẹnu. "Nígbà tí ọkùnrin Negros yẹn dé, Perpetua ní tó bá fi mọ̀ pé òun ti bímọ, kò ní fẹ́ òun. Mo ní kó máa lọ. Mo bá wọn fọwọ́ síwèé."

"Àgbélébùú ńkọ́?"

"O ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. O rí mi tí mò ń sunkún nídìí sàréè ọmọ mi, o ní ṣé ibẹ̀ ni ìyá ẹ wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó di ọdún kejì, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ Perpetua sí i."

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni Honorata ti ń ro sàréè yẹn. Àánú fẹ́ ṣe é, àánú ọmọ ọjọ́ kan tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn bò mọ́lẹ̀, àti ti ẹni tó bí i. Ó tì í sẹ́yìn. Kò tíì fẹ́ ẹ.

"Ọ̀rọ̀ tó sọ kó tó kú," ló wí. "Pé kí n má fi yín sílẹ̀. Ta ló sọ ọ́?"

"Kò kú lọ́jọ́ náà, Honorata."

"Mo ní ta ló sọ ọ́."

"Èmi ni." Arúgbó náà tún fa abọ́ òtílí sọ́dọ̀. "Ọjọ́ tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn wá jẹun nílé wa. Mo rí bó ṣe ń wò ẹ́. Bí ẹ ṣe jọ lọ fọ abọ́, mo ronú ohun tí mo máa sọ."

Honorata wá gbogbo orí rẹ̀ kiri. Ó ń wá ọjọ́ kan, nígbà tó wà lọ́mọdé, nígbà tó ń lọ sílé-ìwé, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí kí Anselmo tó dé. Kò rí ẹyọ kan.

"Ṣé ó béèrè mi rí?"

"Rárá," ni Àǹtí wí. Lẹ́yìn náà ó tún sọ pé, "Kò béèrè."

Honorata wo ẹnu tó sọ ọ́. Inú ẹnu yìí ni gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ara rẹ̀ ti jáde wá. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó lè jẹ́ pé lẹ́tà ló kún inú àpótí kan rí, tí wọ́n ti dáná sun. Kò ní mọ̀ láéláé, àfi bí obìnrin Negros tó fojú jọ ọ́ yẹn bá mọ̀ ọ́n.

Oòrùn ti dé ẹnu ọ̀nà. Àkókò yìí ni Àǹtí máa ń wọlé lọ sinmi, òun nìkan kò sì lè dìde mọ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè bó ṣe ń nà án lójoojúmọ́, kò tilẹ̀ rò ó, ó ń dúró de ẹni tí yóò fà á dìde.

Honorata kò tíì mú un. Ọdún márùndínlógójì ló ti dúró ti Àǹtí, òun ló wá ń fa ọwọ́ yìí, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń gé èékánná rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ṣe ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ní báyìí kò sí ìyá kankan tó rán an níṣẹ́. Bó bá di ọwọ́ náà mú, òun fúnra rẹ̀ ló dì í mú. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí i, òun náà ni. Èwo ni òun fẹ́? Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í rí, òun náà kò sì bi ara rẹ̀ rí.