Àwo Tó Ń Gun Òkè Lọ sí Pichimó

Ta ló sọ pé ọpẹ́ kì í wúwo? Kí onítọ̀hún wá wo Edelmira Chiguay lọ́jọ́ tí wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ nílé Ìyá Uberlinda ní Rauquén. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń dì mọ́ ọn. “Ọmọ wa, o ṣeun o! O ṣeun tí o ò gbàgbé ilé!” Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọ̀hún kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọkọ̀ ló fa ọpẹ́ àsansílẹ̀ yìí. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ fún wa ní ọkọ̀ ojú omi ńlá tí yóò máa kó èrò láti erékùṣù Lincahue lọ sí Castro, níbi tí ilé ìwòsàn wà. Edelmira ni wọ́n gbà láti wà á. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ wá sọ fún un pé, “Ìwọ lo máa wà á, ìwọ ni kó o yan èbúté. Rauquén ni àbí Pichimó? Fún mi lésì lọ́jọ́ Ajé.” Abúlé méjèèjì tó wà ní Lincahue nìyẹn, òkè kan ṣoṣo ló sì là wọ́n láàárín. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wa ni wọ́n ti ń dúró lórí òkè yẹn bú ara wọn.

Rauquén ló tọ́ Edelmira. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ lọ rẹ́ irun àgùntàn ní Patagonia, ó sì di àwátì. Ìyá Uberlinda, tí kò bí i, tí kò bá a tan, ló gbé e pọ̀n. Nígbà tó dàgbà tó ní òun fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ilé kọ̀ọ̀kan mú àgùntàn kan tà, wọ́n sì rán an lọ. Irú àwọn èèyàn báyìí, kí lo fẹ́ fún wọn tí kò ní kéré?

Ṣùgbọ́n Edelmira mọ òkun. Rauquén kọjú sí àríwá. Bí ìjì àríwá bá dìde, kò sí ọkọ̀ tó lè súnmọ́ ibẹ̀, bí omi bá sì fà, ẹrọ̀fọ̀ lásán ló kù. Pichimó ní tirẹ̀ sá sẹ́yìn òkè, omi rẹ̀ jìn, ìjì kì í sì í rí i mú. Pichimó ni èbúté. Síbẹ̀, ta ló máa sọ ìyẹn fún àwọn tó ta àgùntàn nítorí rẹ̀? Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá a sọ̀rọ̀, kó tó dé ilé ló ti pinnu pé Rauquén lòun máa mú. Ọjọ́ tí kò bá ṣeé gúnlẹ̀, a jẹ́ pé kò ṣeé gúnlẹ̀ nìyẹn.

Arsenio Nahuelquín, olórí ìgbìmọ̀ abúlé, tilẹ̀ ti kun pákó kan, ó kọ ÈBÚTÉ RAUQUÉN sí i gàdàgbà, ó gbé e ti ògiri.

“Kí àwọn ará Pichimó wá kà á,” ló wí, “bí wọ́n bá mọ̀wé!”

“Arsenio, ìwọ náà, ta ló bá ọ kọ ọ́?” Ìyá Uberlinda bi í, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dọ̀ wa kì í dá a jẹ. Àwo yóko, ìpín tí à ń gbé fún ará àti ọ̀rẹ́, gbọ́dọ̀ dé ilé ẹni tó yẹ kó dé: ẹran, ọ̀rá dídín, àti mílkáò, àkàrà tí a fi pòtétò ṣe. Ìyá Uberlinda bu àwo kan kún, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e lé Edelmira lọ́wọ́.

“Gbé e lọ fún Clodomiro Raín.”

“Ti Pichimó?”

“Clodomiro mìíràn wà ni? Ọdọọdún ni mò ń gbé e lọ. Lọ́dún yìí orúnkún mi ní òun ò lọ.”

Lóòótọ́, Edelmira mọ̀ láti kékeré pé àwo kan máa ń gun òkè lọ, àmọ́ kò bèèrè rí. Ọmọdé wo ló ń bèèrè ibi tí ẹran ń lọ bí tirẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó gun òkè náà nínú òjò, ó sọ̀kalẹ̀ sí Pichimó. Clodomiro jókòó ti ààrò rẹ̀. Ó ti darúgbó gan-an, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó gba àwo, ó wo Edelmira láti òkè délẹ̀.

“Àyà yẹn ńkọ́? Kì í dùn ọ́ mọ́?”

“Àyà wo, bàbá?”

“Háà! Uberlinda ò sọ fún ọ?” Ó gbé àwo kalẹ̀. “Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà náà. Òtútù àyà mú ọ, èémí rẹ ń lọ. Ìjì àríwá ti sé Rauquén pa. Ni wọ́n bá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì gbé ọ gba orí òkè yìí, tàgbàtèwe wọn, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi. Omi tiwa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo tú ọkọ̀, mo gbé ọ lọ bá dókítà. Láti ìgbà náà ni àwo yìí ti ń wá.”

Edelmira di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. “Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ dákun, n ò mọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.”

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi nìkan. Ọkọ̀ ni mo wà, àwọn ló gbé ọ gun òkè.” Ó mú ọ̀rá kan jù sẹ́nu. “Ìyá yẹn ṣì ń bú wa?”

“Lójoojúmọ́.”

“Ó dáa. Ara rẹ̀ ṣì le nìyẹn.”

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó dúró lórí òkè. Lápá kan, ìgbì ń fọ́ mọ́ etíkun Rauquén, ó funfun báláú. Lápá kejì, omi Pichimó ń sinmi. Lọ́jọ́ tí òun bá ní kò ṣeé gúnlẹ̀, ọmọ ta ni yóò wà nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì? Ó sunkún níbẹ̀ dáadáa kó tó sọ̀kalẹ̀.

Bó ṣe wọlé, kò jókòó. “Ẹ̀yin èèyàn mi, Pichimó ni mo máa mú.”

“Pichimó?” Arsenio dìde. “Lẹ́yìn àgùntàn wa?”

“Bàbá Arsenio, àgùntàn yín ló kọ́ mi ní òkun. Ohun tí wọ́n kọ́ mi náà ni mò ń sọ.”

“Abaramóorejẹ!”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Àmọ́ Ìyá Uberlinda fi ṣíbí igi lu ìkòkò gbàà.

“Arsenio! Ta ló gbé àtùpà síwájú nígbà tí a gbé ọmọ yìí gun òkè?”

Arsenio wolẹ̀. “Èmi ni.”

“Kí lo sọ nígbà tí a dé orí rẹ̀?”

“Mo ní bí Ọlọ́run bá dá a sí, n ò ní bú Pichimó mọ́ láyé mi.”

“Ṣé o mú un ṣẹ?”

“Mo mú un ṣẹ, ìyá.” Ó họrí. “Títí di Sọ́ńdè tí wọ́n nà wá ní bọ́ọ̀lù.”

Ẹ̀rín pa wọ́n lójijì, àwọn àgbà tó rántí ọjọ́ náà sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìyá Uberlinda yíjú sí Edelmira. “Mo mọ̀ pé ọ̀hún ló dáa. Ẹnu mi ló kọ̀ láti sọ ọ́, torí ibí ni mò ń gbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹsẹ̀ rẹ lọ gbọ́ ọ wá.”

“Màmá, orúnkún yín ńkọ́? Báwo lẹ ṣe máa gun òkè?”

“Ṣé màlúù Arsenio kú ni?”

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa kọ́kọ́ gbéra, a rí wọn lórí òkè lóòótọ́. Màlúù méjì ń wọ́ pákó ìfàlẹ̀ bọ̀, Ìyá Uberlinda jókòó lórí rẹ̀ bí ayaba, gbogbo Rauquén sì tò tẹ̀ lé e, oníkálukú pẹ̀lú àwo rẹ̀. Arsenio ló ṣíwájú. Àtùpà títàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹnikẹ́ni ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Clodomiro na ọwọ́ sí ìyá náà kó lè wọ inú ọkọ̀.

“Uberlinda, o ò tíì bú wa láti àárọ̀.”

“Jẹ́ kí n jókòó ná.”

Ó jókòó, ó fa ọwọ́ Edelmira mọ́ra. “Ọmọ mi, o ṣeun. O ṣeun tí o ò fi ọpẹ́ rì wá sómi.” Edelmira fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, ó lọ gba ìdarí ọkọ̀.

Ìjì àríwá ti ń fẹ́ nígbà tí wọ́n yọ sí iwájú Rauquén. Edelmira fun fèrè ọkọ̀ gígùn kan láti kí ilé, ó sì dúró bóyá ẹnì kan á juwọ́ sí òun. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Gbogbo wọn wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn àti Pichimó, wọ́n ń jẹ ẹran.