Ìyá Fẹ̀yìntọlá Lẹ́nu Adélaní

Fẹ̀yìntọlá wà ní yàrá àwọn olùkọ́, nílé ẹ̀kọ́ girama tó ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní Yàbá, nílùú Oǹdó, nígbà tí ímeèlì tó ti ń retí wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó ti gbàdúrà lé e, ó ti gbààwẹ̀ lé e. Yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́. Ibẹ̀ ló fẹ́ lọ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú sìtátísíìsì àti ìmọ̀ bí a ṣe ń fi ìṣirò ṣètò iṣẹ́. Wọ́n yìn ín pé èsì ìdánwò rẹ̀ dára púpọ̀. Àmọ́ wọ́n ní ohun tó kọ nípa ọ̀nà tó gbà dé ìdí ẹ̀kọ́ náà jọ ohun tí ẹlòmíràn ti kọ sí àwọn ṣáájú, ó jọ ọ́ débi pé kò lè jẹ́ òun ló kọ ọ́. Nítorí náà, àwọn ò ní lè fún un láyè.

Ó kà á, ó tún un kà. Ó rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí tí wọ́n ṣì í fi ránṣẹ́ sóun. Ohun tí òun kọ, kò sí bó ṣe lè jọ ti ẹnikẹ́ni. Ikú ìyá rẹ̀ ni.

Ó ku ọdún kan kó ṣe wáẹ́ẹ̀kì nígbà tí inú rírun dá ìyá rẹ̀ dúbúlẹ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ ló gbé e wọ takisí lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Dókítà wà níbẹ̀, oògùn sì wà. Ìlà ni kò jẹ́. Ẹni tó wá gba káàdì tuntun, ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, ẹni tó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, gbogbo wọn ló tò sórí ìlà kan ṣoṣo pẹ̀lú obìnrin tí ìfun rẹ̀ ti lu nínú. Bàbá rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ níwájú, wọ́n ní kó padà sáyè rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn wọ́n, Fẹ̀yìntọlá rí i pé orí ìyá òun tó gbé lé òun léjìká ti wúwo jù. Ó ṣì ń sún un síwájú bí ìlà ṣe ń sún kó tó yé e pé òkú lòun gbé dání.

Àwọn ẹbí sọ pé ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan bú àwọn nọ́ọ̀sì. Fẹ̀yìntọlá ò bú ẹnikẹ́ni, ìlà náà ló ń rò. Ta ló tò ó bẹ́ẹ̀? Ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè tún un tò ni? Ìgbà tó dé yunifásítì ni olùkọ́ kan dúró níwájú pátákó, tó ní ìlà ní ìmọ̀ tirẹ̀, pé ìṣirò lè sọ bí èrò yóò ṣe máa dé, ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, àti iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ kí èrò má baà kóra jọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wẹ̀yìn mọ́.

Adélaní nìkan ló sọ ọ́ fún.

Òun àti Adélaní jọ ṣe másítà ní Àkúrẹ́ ni. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Adélaní, àmọ́ Ìjàpọ̀ Ẹ́sítéètì, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó dá a tọ́ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ọlọ́yàyà ni, kì í jẹ́ kí èèyàn sú. Ọ̀nà tirẹ̀ dé ìdí sìtátísíìsì ò sì gùn. Ìmọ̀ ìṣègùn ló yàn, máàkì Jáǹbù rẹ̀ ò tó o, wọ́n bá tì í síbi tí àyè wà. Ó máa ń fi pa ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ó ní òun àti sìtátísíìsì dà bí ọkọ àti aya tí àwọn òbí so pọ̀, pé ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ni.

Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá ń ṣe ìwádìí rẹ̀ nílé ìlera alábọ́ọ́dé kan ní Ọ̀dà, tó ń jókòó ti àwọn aboyún láti àárọ̀, tó ń wo ìgbà tí kálukú dé àti ìgbà tí wọ́n dá a lóhùn, Adélaní máa ń bá a lọ. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, ó bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ìlà ló gbà á lọ́kàn tó báyìí. Fẹ̀yìntọlá sọ ọ́ fún un. Ó sọ ọ́ dórí èyí tí kò sọ fún bàbá rẹ̀ pàápàá rí, pé òkú ìyá òun lòun ń sún síwájú. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Àkúrẹ́, Adélaní ní kó jẹ́ káwọn lọ jẹun nílé àwọn.

Bí ìyá Adélaní ṣe di ìyá tirẹ̀ náà nìyẹn. Ọmọ mi obìnrin ló máa ń pè é. Bí Fẹ̀yìntọlá bá ti Oǹdó wá sí kíláàsì, ibẹ̀ ló ń sùn. Màmá á ti gún iyán dè é, á sì máa bi í léèrè ọkọ tó fẹ́ fẹ́, bí ìyá ṣe ń bi ọmọ.

Nígbà tó wá di pé wọ́n fẹ́ lọ sókè òkun, ilé ìwé kan náà làwọn méjèèjì mú. Fẹ̀yìntọlá kọ tirẹ̀ tán, ó fi ránṣẹ́ sí Adélaní pé kó bá òun yẹ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wò. Adélaní ní ó dùn, àmọ́ kó má tíì fi sílẹ̀, àwọn ibì kan wà tóun fẹ́ fara balẹ̀ tún ṣe. Ó mú un dání títí ọjọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Nígbà tó dá a padà, kò ju kọ́mà mélòó kan tó yí padà. Fẹ̀yìntọlá tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Adélaní náà ni Fẹ̀yìntọlá kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ tí wọ́n kọ̀ ọ́. Adélaní ti rí àyè tirẹ̀ nígbà yẹn, pẹ̀lú sikọ́láṣíìpù. Ó gbọ́ ọ títí ó fi sọ tán. Ó ní ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yẹ nǹkan wọ̀nyẹn wò, pé ẹ̀rọ a máa ṣìṣe, kó má fi ṣe ọkàn, kó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní bóun bá dé ọ̀hún, òun á bá a bá wọn sọ̀rọ̀. Fẹ̀yìntọlá gbà á gbọ́. Nígbà tí Màmá ṣe ìdúpẹ́ ìrìn àjò fún ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Fẹ̀yìntọlá ló se ìrẹsì, òun náà ló bá Adélaní di ẹrù rẹ̀.

Ọyẹ́ ti ń wọlé nígbà tí Màmá fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù. Ayọ̀ kún ohùn náà. Ó ní ilé ìwé Adélaní gbé ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí kálukú wọn ṣe dé ìdí ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé ẹnì kan nínú ìjọ ló fi han òun. Àwòrán Adélaní wà níbẹ̀, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ kéré, ojú òun ò gbé e. Kó wá lọ́jọ́ Sátidé, kó wá kà á fún òun dáadáa. Ó fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Àkúrẹ́ ni Fẹ̀yìntọlá ti ṣí i. Ó rí Adélaní nínú ẹ̀wù òtútù, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Adélaní ní ọmọ ilé ìwé lòun nígbà tóun gbé ìyá òun lọ sílé ìwòsàn. Orí tó wúwo léjìká wà níbẹ̀. Bàbá tó lọ bẹ̀bẹ̀ níwájú wà níbẹ̀. Òkú tí wọ́n ń sún pẹ̀lú ìlà wà níbẹ̀. Ọ̀dà wà níbẹ̀, tòun tàwọn aboyún. Àwọn kọ́mà tó bá a yí padà pàápàá wà níbi tó fi wọ́n sí.

Ìtìjú bo Fẹ̀yìntọlá, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ká mọ́ ibi olè. Obìnrin tó jókòó tì í bi í pé ṣé kò sí, pé ṣé ìròyìn burúkú ló gbọ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá òun ló kú. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kẹ́dùn, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, Fẹ̀yìntọlá ò sì mọ bóun ṣe máa dá a dúró.

Ì bá padà sí Oǹdó láti gáréèjì, kò padà. Nígbà tó dé Ìjàpọ̀, Màmá ti múra bí ẹni tó ń retí àlejò ńlá, ó ti bo oúnjẹ sórí tábìlì. Ó ní oúnjẹ á dúró, kó kọ́kọ́ kà á ná. Fẹ̀yìntọlá bi í pé ṣé kóun kà á lóòótọ́. Màmá ní ṣé nítorí àwòrán lòun ṣe pè é ni.

Ó kà á bó ṣe wà, kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Nígbà tó dé ibi orí tó wúwo, Màmá gbọ́wọ́ sókè pé kó dúró.

“Ìyá ta ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ yẹn?”

“Adélaní ní ìyá òun ni, Màmá.”

“Èmi náà rèé.”

“Ẹ̀yin rèé, mà. Ìyá tèmi ni.”

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sún un mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó wá mú fóònù tirẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀. Ó bi í pé ìgbà wo lòun kú. Kí Adélaní tó rí ohun tó máa sọ, ó ti na fóònù sí Fẹ̀yìntọlá, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Adélaní ń kólòlò. Ó ní ó pẹ́ tóun ti fẹ́ sọ fún un, pé àyè ni kò yọ. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yí padà.

“Kí ni kí n kọ sí wọn? Pé Jáǹbù ló tì mí síbẹ̀? Ìwọ ní ohun tó gbé ọ débẹ̀, èmi ò ní. Wọn ò ní wò mí lẹ́ẹ̀mejì.”

“Lọ́jọ́ tí mo pè ọ́ pé wọ́n kọ̀ mí, ṣé o mọ ohun tó fà á?”

Fẹ̀yìntọlá ń gbọ́ ariwo mọ́tò níbi tó wà lọ́hùn-ún.

“Adélaní, ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

Fẹ̀yìntọlá pa fóònù náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sẹ́nu láti inú bọ́ọ̀sì ti tán. Bóyá ó lè forí ji olè lọ́jọ́ kan. Ohùn pẹ̀lẹ́ tí Adélaní fi tù ú nínú lọ́jọ́ yẹn, tó ní ẹ̀rọ ló ṣìṣe, ni kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Màmá ní kó jókòó. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

“Ọmọ mi, òun nìkan ni mo bí,” ó wí. “Bí o bá kọ̀wé sí wọn, wọ́n á dá a padà wálé. Èmi ló pa, mo sì ti dárí jì í. Jẹ́ kó tán síbẹ̀.”

“Màmá, ẹ̀yin wà láàyè.”

Omi kún ojú Màmá, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní bí wọ́n bá lé Adélaní, ìyá Fẹ̀yìntọlá ò ní torí ẹ̀ dìde. Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá ń bọ̀ lọ́nà, ó rò pé ẹnì kan ló ṣe òun níbi. Ó wá rí i báyìí pé àwọn méjì ni, àti pé ti èkejì yìí lòun ò retí rárá. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá bó ṣe máa ń kí i, ó sì jáde. Kò ṣí oúnjẹ náà wò.

Bàbá rẹ̀ wà níwájú ilé ní Oǹdó nígbà tó wọlé. Kò fẹ́ sọ fún un, àmọ́ bàbá ti rí ojú rẹ̀. Ó rò ó fún un tán, ó sì wá sọ ohun tí kò sọ fún un láti gbogbo ọdún yìí wá, nípa òkú tó ń sún síwájú. Bàbá gbọ́ ọ láìjá a lẹ́nu. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun rí i nígbà tóun ń bọ̀ láti iwájú, òun ò kàn mọ bóun ṣe máa sọ fún ọmọ òun pé kó dáwọ́ dúró.

“Ṣé ó dárúkọ ìyá rẹ níbẹ̀?” ni bàbá bi í.

“Rárá o, Bàbá.”

“Kọ̀wé sí wọn. Dárúkọ rẹ̀.”

Ó kọ ọ́. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó sì fi ẹ̀dà èyí tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Adélaní tì í. Wọ́n fèsì pé àwọn dúpẹ́, pé àwọn yóò wò ó. Ó pẹ́ kó tó tún gbúròó wọn. Lọ́jọ́ kan ó ṣí ojú ìwé náà, àwòrán Adélaní ò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un kẹ́yìn ni pé bí ìgbà bá tó, òun náà lè tún kọ̀wé wá bí ẹnikẹ́ni. Bóyá wọ́n lé Adélaní, bóyá wọn ò lé e, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Màmá ò pè é mọ́. Wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kan ní ẹnu ọ̀nà báńkì kan ní Àkúrẹ́. Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀, Màmá ní “ẹ ǹlẹ́ o” bí ẹni tó ń kí àlejò, ó sì kọjá.

Kò tún kọ̀wé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gba àyè láti ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ní Àkúrẹ́, ó sì ń lọ sí Ọ̀dà lọ́jọ́ tó bá ráyè. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti gbà kóun àtàwọn jọ ya aboyún tí ara rẹ̀ ò yá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó wá fún àyẹ̀wò lásán, ó sì ń so èso díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí kíláàsì wọn pé, ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí kálukú sọ bó ṣe dé ìdí ẹ̀kọ́ náà. Ẹnì kan ní ilé ìfowópamọ́ lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ní bàbá òun ló fi dandan lé e. Ọlábísí, ọmọ Ìkàrẹ́ kan tó jókòó ti Fẹ̀yìntọlá, dìde, ó sọ nípa àbúrò rẹ̀ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde àti bí wọ́n ṣe ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri fún un láti ilé ìwòsàn kan sí èkejì. Ó sọ gbogbo rẹ̀, àwọn kan ń mi orí, àwọn kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ń wo àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wù ú kó fa ọmọ náà láṣọ pé kó jókòó.

Nígbà tó kàn án, ó dìde.

“Mo fẹ́ràn ìṣirò ni, sà,” ó wí, ó sì jókòó.