Àfojúdi Ẹ̀rọ Keje

Ẹ̀rọ méje ló wà lórí tábìlì gígùn inú yàrá àyẹ̀wò náà, wáyà dúdú kan tó nípọn ló so gbogbo wọn mọ́ kọ̀ǹpútà. Kálukú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá pe keje, keje nìkan ní í dáhùn. Obìnrin tó kọ ètò tó ń darí wọn mọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni mọ ìwà ọmọ.

Ẹ̀rọ keje ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Àyẹ̀wò ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń fi í ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, torí pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì ojú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì yí padà.

Ọ̀gá gbaná jẹ. "Ẹni tó bá tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn, òun ni yóò máa gbálẹ̀ ibí fún oṣù kan gbáko!" Ó yíjú sí atúnẹ̀rọṣe ibẹ̀. "Ìwọ ni mo fura sí. Tó bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wàá fi ibí sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dun obìnrin náà wọra. Atúnẹ̀rọṣe ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà mọ́ra lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, kò sì rí i rí kó tẹ ohun tí kò kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá ti ojú ẹ̀rọ yẹn pa."

"Àbúrò, ṣé o ò ní dá kún wàhálà mi báyìí?"

"Ẹ ṣáà máa wò mí."

Ìlà mélòó kan ló fi kún ètò rẹ̀. Látìgbà náà, kọ̀ǹpútà nìkan ni ẹ̀rọ keje ń gbọ́ tirẹ̀, bọ́tìnnì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹyọ kan péré ló fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pe kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á kọ àsìkò sílẹ̀, á sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sójú ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ kọ "ẹ jọ̀ọ́" sínú ọ̀rọ̀ náà, ó tún pa á rẹ́. Ta ló ń bẹ alárékérekè?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì àyẹ̀wò kẹta, wọ́n ń mu tíì lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá já jáde látinú yàrá àyẹ̀wò, gíláàsì ojú rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yẹn ní àfojúdi? Èmi ló ń yájú sí! Èmi tí mo rà á wá síbí! Ó ní MÚ ỌWỌ́ KÚRÒ!"

Atúnẹ̀rọṣe rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Kí lẹ ṣe fún un tó fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kí ni mo ṣe? Mo kàn ń tún ìwọ̀n ẹ̀ ṣe ni, bí mo ṣe máa ń..." Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. "Tèmi kì í ṣe ìfọwọ́kàn. Àbójútó ni."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde sí i. "Ìgbà mẹ́tàlélógún lẹ bójú tó o láàárọ̀ yìí, sà, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àmọ́ kò bàjẹ́ o. Àyẹ̀wò ń lọ geere."

Ọ̀gá ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ojú tì í gan-an. Ó wo atúnẹ̀rọṣe, ó mí kanlẹ̀.

"Má bínú sí mi. O ò lọ ibì kankan." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìgbálẹ̀ dà?"

"Háà, Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀!" ni gbogbo wọn figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Atúnẹ̀rọṣe nìkan ni kò bá wọn pariwo.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, sà."